Ẹ̀jẹ̀ àti Àlejò Inú Ara

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ ìṣègùn ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn nìkan. Ó kan gbogbo baba tí ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì kan gbogbo ìyá tí ń retí ọmọ-ọmọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn ọkàn ènìyàn bá bàjẹ́, tí a sì fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ni a ó fi ṣe é tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní kọ̀ ọ́?

Àwọn àgbà wa wí pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ni. Bí kò fún ni lápá, a ṣò ni lọ́rùn. Rẹ́mú-rẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Bí ó ti rí ní òde ara, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní inú ara. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn amòye ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi sọ ẹ̀wù àyálò di ohun ẹni nínú iṣan aláìsàn, ohun tí mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò ni ibi tí wọ́n bá a dé, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ó jẹ wá lógún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwà ẹ̀jẹ̀. Ìwà méjì ni ó ní, àwọn méjèèjì sì dàbí ohun tí ó lòdì sí ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nínú iṣan, kò gbọdọ̀ dì. Nǹkan bí lítà márùn-ún ni ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ọpọlọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ewu ńlá ti dé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gé ni lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ dì kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn dànù. Báwo ni ó ṣe ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dì àti ìgbà tí kò yẹ? Ohun tí ó fara kàn ni ó fi ń mọ̀ ọ́n.

Nínú gbogbo iṣan wa, láti orí èyí tí ó tó àtàǹpàkò ní ìbú dé orí èyí tí ojú lásán kò lè rí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó tẹ́ inú wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni awọ náà, ìpele kan ṣoṣo sì ni. Wọ́n tò mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí àpáàdì tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ àgbàlá wọn. Awọ yìí kì í ṣe ògiri lásán. Òṣìṣẹ́ tí kì í sùn ni. Ó ń tú prostacyclin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí John Vane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1976. Ó tún ń tú nitric oxide, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Furchgott, Ignarro àti Murad, gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 1998. Àwọn ohun méjèèjì yìí ni ó ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé, “Máa lọ ní àlàáfíà, ilé ni o wà.” Ní ojú awọ náà pẹ̀lú, àwọn ohun mìíràn wà tí ń dè thrombin lọ́wọ́, thrombin yìí sì ni ògúnnágbòǹgbò nínú àwọn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Nígbà tí a bá wá gbé ohun àjèjì sí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ irin, ìbáà jẹ́ rọ́bà, ìbáà jẹ́ aṣọ, kò sí ẹni tí yóò fi ọkàn ẹ̀jẹ̀ balẹ̀ mọ́. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, pròtéìnì inú ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ohun náà, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn sì ni fibrinogen. Lẹ́yìn èyí ni àwọn èérún ẹ̀jẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní platelet, yóò rọ́ dé, wọn yóò dìrọ̀ mọ́ fibrinogen náà, wọn yóò sì máa ké pe àwọn ẹgbẹ́ wọn. Thrombin yóò jí, yóò sọ fibrinogen di okùn, okùn yóò hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja, àwọ̀n náà yóò sì kó ẹ̀jẹ̀ pupa sínú. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì yìí bá dúró sí ojú kan, ó lè dí iṣan pa. Bí ó bá já, tí ó bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ kò gbọdọ̀ dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́bi o. Iṣẹ́ oníbodè ni ó ń ṣe: ó rí àlejò tí kò mọ̀ rí, ó sì lù agogo kí gbogbo ìlú lè jáde.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe ilẹ̀kùn ọkàn mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ní ọdún 1952, ní Washington, Charles Hufnagel fi ilẹ̀kùn oníbọ́ọ̀lù kan sí inú iṣan ńlá ara aláìsàn. Ní ọdún 1960, ní ìpínlẹ̀ Oregon, Albert Starr, oníṣẹ́-abẹ, àti Lowell Edwards, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe èyí tí a lè gbé sí inú ọkàn gan-an. Lẹ́yìn náà ni a rí èédú líle kan tí a fi iná tí ó gbóná kọjá ààlà ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ fara mọ́ ju irin lọ. Òun ni a fi ń ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀rọ títí di òní. Ó lágbára, ó lè lo ọjọ́ ayé ènìyàn tán. Ṣùgbọ́n àlejò ni síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé e sínú ọkàn gbọdọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́, títí dé òpin ayé rẹ̀.

Warfarin ni orúkọ oògùn náà, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, màlúù àwọn àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn láì dáwọ́ dúró, nítorí koríko tí ó ti bu tí wọ́n jẹ. Karl Link àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin wá ohun tí ó wà nínú koríko náà títí wọ́n fi rí i ní ọdún 1939. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, tí a kọ́kọ́ tà ní ọdún 1948 gẹ́gẹ́ bí májèlé eku, kí a tó gbà á láàyè fún ènìyàn ní ọdún 1954. Ohun tí ó lè pa ni ni ó ń gba ni là. Ìwọ̀n ni ó fi ìyàtọ̀ sí i. Bí ó bá kéré, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lára ilẹ̀kùn. Bí ó bá pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọpọlọ tàbí ìfun. Nítorí náà ni aláìsàn ṣe gbọdọ̀ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin àgbà, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Àwọn tí ó nílò ilẹ̀kùn ọkàn ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀fun a máa dun ọmọ láti ọwọ́ kòkòrò streptococcus; bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè di ibà tí ń mú oríkèé ara wú, ibà náà a sì máa jẹ ilẹ̀kùn ọkàn ní jíjẹ díẹ̀díẹ̀. Ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti pe gbogbo orílẹ̀-èdè sí ìjà lòdì sí àrùn yìí ní ọdún 2018. Láti ọdún 1974, nígbà tí a ṣe iṣẹ́-abẹ ọkàn ṣíṣí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu, a ti mọ̀ pé ọwọ́ wa lè ṣe é. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn wo ni a ó fi sí ọkàn ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún?

Bí a bá fi ti ẹ̀rọ sí i, warfarin di dandan. Bí ó bá lóyún, oògùn náà lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá sì dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ lè dì lára ilẹ̀kùn, kí ó pa ìyá. Bí ó bá ń gbé ní abúlé tí kò sí ibi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ta ni yóò wọn ìwọ̀n fún un? A sì ti gbìyànjú láti fi oògùn tuntun rọ́pò warfarin. Ìròyìn ìdánwò kan jáde ní ọdún 2013, nínú èyí tí a fi dabigatran wé e lára àwọn tí ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. A ní láti dá ìdánwò náà dúró kí ó tó parí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì àti ẹ̀jẹ̀ dídà pọ̀ ju ti warfarin lọ. Bí a bá wá fi ilẹ̀kùn tí a ti ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù mú sí i, irú èyí tí Alain Carpentier ti ìlú Paris kọ́ wa láti fi oògùn glutaraldehyde sọ di yíyi, kò ní nílò warfarin títí ayé. Ṣùgbọ́n lára ọ̀dọ́, ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ a máa tètè le gbagidi, a ó sì tún ṣí àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì ni ẹ̀gún wà.

Nítorí èyí ni àwọn amòye ṣe yà sí ọ̀nà kẹta, èyí tí èmi yóò pè ní híhun ẹran ara: kí a hun iṣan tàbí ilẹ̀kùn láti inú sẹ́ẹ̀lì, kí ó lè di ara ẹni tí ó ni ín. Ẹnìkan lè rò pé bí a bá ti fi ohun ẹlẹ́ran-ara ṣe é, ẹ̀jẹ̀ yóò gbà á lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Okùn collagen tí ó gbé ẹran ara wa ró gan-an ni ó ń pe èérún ẹ̀jẹ̀ jọ nígbà tí a bá gé ara. Nítorí náà, ẹran ara tí a hun tí kò ní awọ inú, egbò ni lójú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ó kù, lórí ọ̀ràn awọ inú yìí ni.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a fi heparin wọ̀ ọ́ láṣọ. Ní ọdún 1916, ní Baltimore, Jay McLean, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ William Howell nígbà tí ó rí ohun kan nínú ẹ̀dọ̀ ajá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti inú iṣẹ́ náà ni heparin ti wá. Ní ọdún 1963 Vincent Gott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ohun èlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ a máa fọ̀ ọ́ dànù, títí àwọn ará Swídìn fi rí ọgbọ́n kan ní nǹkan bí ọdún 1983: wọ́n so ìdí rẹ̀ nìkan mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, bí koríko etí odò, kí ó lè máa di thrombin mú. Iṣẹ́ yìí dára, ó sì wúlò púpọ̀. Síbẹ̀ aṣọ ni heparin, aṣọ a sì máa gbó. Kò lè tún ara rẹ̀ hun bí awọ alààyè.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbin awọ inú náà síbẹ̀. Ìrètí yìí bẹ̀rẹ̀ láti ara òwú kan. Ní ọdún 1947, ní Yunifásítì Columbia ní New York, Arthur Voorhees rí i pé òwú sílíkì tí ó wà nínú ọkàn ajá ti ní awọ dídán lára. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí ara bá lè bo òwú kan, ṣé kò ní lè bo odidi aṣọ? Ó fi aṣọ rán ọ̀pá oníhò, ó fi í rọ́pò iṣan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1952. Láti ibẹ̀ ni iṣan aláṣọ ti gba ayé kan. Ṣùgbọ́n àbùkù kan hàn: nínú ara ènìyàn, awọ tí ń hù láti ojú ibi tí a rán mọ́ iṣan kì í ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ kí ó tó dúró. Nínú iṣan ńlá, ẹ̀jẹ̀ ń sáré, kò sí ewu púpọ̀. Nínú iṣan tí ìbú rẹ̀ kò tó mílímítà 6, irú èyí tí ó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, aṣọ a máa dí pa.

Ní ọdún 1978, Malcolm Herring ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í mú sẹ́ẹ̀lì awọ inú láti iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀, ó ń gbìn ín sí ara iṣan àtọwọ́dá. Ní Vienna, láti ọdún 1989, àwọn kan fi sùúrù tọ́ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dàgbà títí wọ́n fi bo gbogbo inú ọ̀pá náà kí wọ́n tó fi í sí ẹsẹ̀ aláìsàn. Nígbà tí ọdún mẹ́sàn-án pé, àwọn tí a gbìn ní awọ ṣí sílẹ̀ ju àwọn tí a kò gbìn lọ jìnnà. Peter Zilla, ọ̀kan nínú wọn, lọ ṣiṣẹ́ ní Cape Town, ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí, ó sì dojú iṣẹ́ rẹ̀ kọ ilẹ̀kùn ọkàn fún àwọn tí ibà oríkèé ti bà jẹ́. Ní Tokyo ní ọdún 1999, Shin'oka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin sẹ́ẹ̀lì ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan sí ara ọ̀pá tí ń yọ́ dànù nínú ara, wọ́n sì fi í tún iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe. Ọ̀pá náà dàbí igi tí àgbẹ̀ rì sí ẹ̀bá ebè kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún: iṣu gbó, igi jẹrà. Nínú àwọn ọmọ tí a tún ṣe é fún lẹ́yìn náà, iṣan àwọn kan fún, a sì ní láti tún un là.

Àìlera ọ̀nà kejì yìí ni pé ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ àti owó ńlá, ẹni tí ọgbẹ́ ń pa kò sì lè dúró. Nítorí náà ni Laura Niklason, tí ó ti hun iṣan nínú ẹ̀rọ tí ń lù bí ọkàn ní ọdún 1999, ṣe yí ọgbọ́n padà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mìíràn hun iṣan, wọ́n fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà kúrò kí ara má baà bínú sí i, wọ́n sì fi ìyókù pamọ́ de ẹni tí yóò nílò rẹ̀. Ní ọdún 2019 wọ́n fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ó gba iṣan náà wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á láàyè fún àgbàlagbà tí iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ já, tí kò sì ní iṣan tirẹ̀ tí a lè lò. Wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ líle sí i lára pé ó lè bẹ́.

Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù. Ní ọdún 2001, ní Vienna kan náà, a fi ilẹ̀kùn ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti fọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò sí ọkàn ọmọ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú wọn kú kí ọdún kan tó kọjá tàbí nígbà tí ó pé; a sáré yọ ti ẹ̀kẹrin. Ilẹ̀kùn tí a pè ní mímọ́ kò mọ́ tó lójú àwọn ọmọ ogun ara. A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ náà nígbà tí a bá ń yin ọgbọ́n tuntun.

Kí ni a wá rí dì mú nínú gbogbo èyí? Lójú tèmi, òun nìyí: ohun èlò tí ó dára jù kì í ṣe èyí tí ó lè tan ẹ̀jẹ̀ jẹ fún ìgbà pípẹ́ jù, bí kò ṣe èyí tí ó lè pa àlàáfíà mọ́ títí onílé yóò fi dé. Kí heparin ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí àwọn ìkọ́ kéékèèké, irú èyí tí Pierschbacher àti Ruoslahti fi hàn ní ọdún 1984 pé sẹ́ẹ̀lì fi ń di ilẹ̀ mú, wà lábẹ́ rẹ̀ láti gba sẹ́ẹ̀lì onílé mọ́ra. Kí igi tí a rì sì jẹrà ní àkókò tirẹ̀. Nígbà náà ni àlejò yóò di ọmọ ìlú. Ìyẹn kò ì tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́ fún ilẹ̀kùn ọkàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ẹni pé ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Kí ó tó dé, iṣẹ́ wà fún wa. Èkíní, àìtètè mólè, olè ń mólóko: kí a má ṣe fojú kékeré wo ọ̀fun tí ń dun ọmọ, pẹnisílínì tí a fún un ní àkókò sàn ju ilẹ̀kùn olówó iyebíye lọ. Èkejì, ẹni tí ó bá ní ilẹ̀kùn ẹ̀rọ láyà kò gbọdọ̀ pa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ da àgbo pọ̀ mọ́ warfarin láì bi dókítà, kí ó sì jẹ́ kí ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tí ó ń jẹ wà déédéé, nítorí ẹ̀fọ́ a máa dín agbára oògùn náà kù. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìjòyè tí ọ̀rọ̀ yín ń dé ibi tí tiwa kò dé, ẹ bá wa béèrè pé kí ohun èlò àyẹ̀wò yìí wà ní àwọn ìlú kéékèèké, kí àwọn ọmọ wa tí ó kọ́ ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì sì rí ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ nílé. Àwa wà lára àwọn tí àrùn ilẹ̀kùn ọkàn ń bá jà jù. Kò yẹ kí a jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò lóye oògùn rẹ̀.

Kí ọkàn yín máa lù déédéé, kí ẹ̀jẹ̀ yín sì máa ṣàn ní àlàáfíà.